Ìwà Tútù Kì Í Ṣe Ojo: Ẹ̀kọ́ fún Òbí Tí Ń Tọ́ Ọmọ Nílẹ̀ Àjèjì

Ní àárín ìlú Jeddah, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Al-Ammariyah, nítòsí apá ìlú àtijọ́ tí a mọ̀ sí Al-Balad, itẹ́ òkú kan wà tí odi yí ká. Ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí láti èdè Lárúbáwá ni Itẹ́ Òkú Ìyá Wa Éfà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá gbogbo ènìyàn sí, àwọn kan sì sọ pé láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìyá àgbà ni orúkọ Jeddah fúnra rẹ̀ ti jáde wá. Ní ọdún 1928, nígbà tí Ọmọba Faisal ń ṣàkóso ẹkùn Hijaz, wọ́n wó ohun tí wọ́n kọ́ sórí ibojì náà. Ní ọdún 1975, wọ́n fi kọnkéré dí ojú rẹ̀ kí àwọn arìnrìn-àjò má baà máa gbàdúrà níbẹ̀.

Ì báà ṣe òótọ́ ni ìtàn yìí, ì báà sì ṣe àròsọ, ó rán wa létí ohun kan. Àwọn Mùsùlùmí gbà pé Éfà ni ìyá àwọn. Àwọn Kristẹni gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjà Al-Balad, ẹ óò bá ará Yemen, ará Pakistan, ará Íjíbítì, Hausa àti Yorùbá pàdé, tí olúkúlùkù ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì mọ̀ pé láàárín àwọn ọmọ ìyá yìí gan-an ni ìjà àkọ́kọ́ ti bẹ́ sílẹ̀. Káínì kò lè kó ìbínú rẹ̀ níjàánu, ó sì pa àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé nílẹ̀ àjèjì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílẹ̀. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ àbùkù sí yín. Aládùúgbò lè fi ẹ̀sìn yín ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ yín lè sunkún ti ilé ẹ̀kọ́ dé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ tàbí nítorí orúkọ rẹ̀. Kí ni ẹ óò sọ fún un? Ṣé kí ó gbẹ̀san ni, àbí kí ó kàn gbé e mì? Bíbélì fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, òun ni ìwà tútù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò kọ́kọ́ wo ohun tí ìwà tútù jẹ́. A óò wo ọmọ Yorùbá kan tí ó fi ṣèwà hù títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò padà sí Jeddah, láti wo bí ìdílé ṣe lè máa lò ó lójoojúmọ́.

Kí ni ìwà tútù jẹ́ gan-an?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó ní ìwà tútù ni ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí gbogbo ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn a ní: "Ọ̀dẹ̀ lásán ni." Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Nínú Bíbélì Yorùbá, orúkọ tí àwọn atúmọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni "ọlọ́kàn tútù". Ẹ kíyè sí i pé ọkàn ni ó tutù. Wọn kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ rọ tàbí pé ẹnu rẹ̀ di. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù lè ṣiṣẹ́ takuntakun, ó lè pàṣẹ, ó sì lè sọ òtítọ́ níwájú ọba. Ohun tí kò ní gbà ni kí ìbínú di olúwa lórí òun.

Ní èdè Gíríìkì, tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ẹni tútù ni praus. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ a tún máa lo ọ̀rọ̀ náà fún ẹṣin tí a ti tù lójú. Agbára irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò dín kù. Ó ṣì lè sáré, ó sì lè ta ènìyàn nípàá bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ìjánu, ó sì ń gbọ́ ti ẹni tí ó gùn ún.

Ẹ wo Mósè. Bíbélì sọ pé kò sí ẹni tí ó ní ọkàn tútù tó o ní gbogbo ayé ìgbà rẹ̀. Ṣé ojo ni? Rárá o. Òun ni ó dúró níwájú Fáráò tí ó ní kí ó jẹ́ kí àwọn ẹrú máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Míríámù àti Áárónì, ọmọ ìyá òun fúnra rẹ̀, sọ̀rọ̀ òdì sí i, kò gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ sì bo Míríámù, Mósè ni ó ké pe Ọlọ́run pé kí ó wò ó sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù. Ó lé àwọn tí ń ṣòwò jáde kúrò nínú tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bú u, kò bú wọn padà. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tọ̀: wọ́n yára láti gbèjà ẹlòmíràn, wọ́n sì lọ́ra láti gbèjà ara wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Kí ìwé Mímọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ iyì ìwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Wọ́n sì tún kìlọ̀ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ènìyàn lè fi ẹnu kí ni ní pẹ̀lẹ́ kí inú rẹ̀ máa hó bí omi gbígbóná. Ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé ó ń wá ọjọ́ tí yóò gbẹ̀san kò tíì ní ìwà tútù. Ó kàn ń dúró de àkókò ni.

Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin

Ta ni nínú àwọn ènìyàn wa ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ? Àwọn Kristẹni Yorùbá tí ń gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí, tàbí láàárín àwọn òyìnbó tí kò kà wọ́n sí, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rin ọ̀nà yìí. Àjàyí Crowther ti rìn ín ṣáájú wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn. Ní ọdún 1821, ẹgbẹ́ ogun kan kọlu ìlú náà. Àwọn Fúlàní wà nínú wọn, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mú ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró, wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí a sì rì í bọmi ní ọdún 1825. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró níbí kí ẹ ronú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti di kùnrùngbùn, Àjàyí ni. Wọ́n ti sun ilé bàbá rẹ̀ níná. Wọ́n ti gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ọdún gbáko. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣe é sì jẹ́ ẹlẹ́sìn tí yóò máa bá pàdé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Irú ojú wo ni ẹ rò pé yóò fi wò wọ́n?

Níwájú Ẹ́míà Ìlọrin

Ní ọdún 1872, Crowther, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1864, wà ní Ìlọrin níwájú Ẹ́míà àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ìlú àwọn àáfà ni Ìlọrin, wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ ìbéèrè í béèrè. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lóríṣiríṣi nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ àti nípa Jésù.

Crowther ì bá ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ni àwọn òyìnbó ìgbà náà ti kọ láti fi bu ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó borí nínú iyàn kì í sábà jèrè ọkàn ẹni tí ó bá jiyàn. Nítorí náà, ó ṣí Bíbélì ní èdè Yorùbá, èdè tí gbogbo wọn gbọ́, ó sì jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ dáhùn. Ibi tí ìgbàgbọ́ méjèèjì ti pàdé ni ó ti bẹ̀rẹ̀: áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì, Màríà, àti ìbí Jésù tí ó jẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sì bu ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn.

Àpọ́sítélì Pétérù ti gba àwọn Kristẹni nímọ̀ràn pé kí wọ́n múra tán láti dáhùn fún ẹni tí ó bá béèrè ìdí ìrètí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọkàn tútù àti ọ̀wọ̀ ṣe é. Ohun tí Crowther ṣe ní Ìlọrin nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọmọ tí àwọn ológun mú lẹ́rú ní Òṣogùn dàgbà tán, ó jókòó sí ààfin Mùsùlùmí gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó mọ̀wàá hù. Kò sí ojo nínú èyí. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kò ní dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tí inú bá sì ń bí kò ní lè jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Ìpàdé Onitsha

Ìdánwò tí ó le jù kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn. Láti inú ìjọ òun fúnra rẹ̀ ni ó ti wá, nígbà tí ó ti di arúgbó.

Ní ọdún mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí odò Ọya, tí ìtara wọn pọ̀ ju sùúrù wọn lọ. Wọ́n gbà pé àwọn oníwàásù aláwọ̀ dúdú tí Crowther kó jọ kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ẹni ọgọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yìí wà ní ìjókòó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyí fi ẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá díẹ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson, ọmọ bíbí inú rẹ̀ tí ó jẹ́ archdeacon.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Ẹni tí ó ti ṣe atúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa, ẹni tí ó ti jókòó pẹ̀lú Ọbabìnrin Victoria, ni àwọn tí kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá wí ní gbangba. Nílẹ̀ wa, ẹ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ì bá ṣe! Wọn ì bá ṣépè. Wọn ì bá kó àwọn ènìyàn wọn jáde kí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Crowther kò dákẹ́ o. Ó gbèjà àwọn àlùfáà rẹ̀. Ó béèrè ẹni tí ó fún àwọn wọ̀nyẹn láṣẹ láti lé òṣìṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ó rí i pé wọn kò ní gbọ́, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ìjọ, kò sì fi èébú dá èébú padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí àwọn ìjọ tí ó wà ní etí òkun Niger Delta yóò ṣe máa bójú tó ara wọn láìjáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó, kí ètò náà tó parí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1892, wọ́n dá a sílẹ̀, Dandeson ọmọ rẹ̀ sì wà nípò aṣáájú.

Ṣé ìwà tútù rẹ̀ mú èrè wá lójú ẹsẹ̀? Rárá. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó tó ọdún 2014 kí Archbishop ti Canterbury, Justin Welby, tó dúró ní kàtídírà tí wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, kí ó sì tọrọ àforíjì nítorí ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ìwà tútù a máa pẹ́ kí ó tó sèso. Ẹ má ṣe tan àwọn ọmọ yín jẹ pé bí wọ́n bá hùwà pẹ̀lẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò hùwà pẹ̀lẹ́ sí wọn. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: a ń ṣe é nítorí pé ó tọ́ lójú Ọlọ́run, Òun náà ni yóò sì san ẹ̀san.

Lójoojúmọ́ ní Jeddah

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí Al-Ammariyah nísinsìnyí. Báwo ni Kristẹni Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Jeddah, tí ó sì ń tọ́ ọmọ níbẹ̀, ṣe lè fi ìwà tútù ṣèwà hù?

Àkọ́kọ́ ni òfin ilẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Saudi Arabia, òfin kò sì gba ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí láyè láti jọ́sìn ní gbangba. Ìlú Mẹ́kà, tí kò jìnnà sí Jeddah ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀, kò ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Èyí lè dun ẹni tí ó ti ń gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe sọ ìbínú yìí di oúnjẹ tí ẹ ń gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bú ìlú tí ó ti ń jẹun yóò kọ́ láti kórìíra aládùúgbò, kò sì ní kọ́ láti fẹ́ràn Ọlọ́run. Ẹ kọ́ ọ ní àdúrà nínú yàrá yín. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú.

Èkejì ni oṣù Ramadan. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹun, kí ó má sì mu omi ní gbangba ní ọ̀sán. Bí ẹ bá ń pa á mọ́ nítorí ìbẹ̀rù nìkan, yóò dà bí ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣàlàyé fún ọmọ yín pé awakọ̀ tí ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò tíì fẹnu kan omi láti ìdájí, yóò mọ̀ pé àánú ni ó ń mú wa fi omi wa pamọ́.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Ní Hijaz, wọn a máa pe ẹni tí ó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá ní Takruni. Àwọn kan ń fi pè wá lásán, àwọn mìíràn sì ń fi tàbùkù. Bí ọmọ yín bá bá ẹkún dé nítorí rẹ̀, ẹ má ṣe yára sọ pé kí ó wá èébú tí yóò fi dá a padà. Ẹ jókòó kí ẹ sọ ìtàn fún un. Takrur jẹ́ ìjọba kan ní etí odò Senegal ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Lárúbáwá ti mú orúkọ náà, tí wọ́n fi ń pe gbogbo àwọn arìnrìn-àjò aláwọ̀ dúdú tí ó la aṣálẹ̀ kọjá wá sí Mẹ́kà. Orúkọ ìjọba ni, orúkọ àwọn onísùúrù sì ni. Ọmọ tí ó mọ orísun rẹ̀ kò ní yára bínú. Bí a bá pè é lọ́la, yóò lè rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó sì bi ẹni náà pé: "Ṣé o mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá?"

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, agboolé kan náà ni ẹ̀gbọ́n tí ń jẹ́ Alhaji àti àbúrò tí ń jẹ́ Pásítọ̀ ti ń jáde wá. Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa ń gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Jeddah fún iṣẹ́ Hájì. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ Lárúbáwá, tí ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Kristẹni kò lè bá wọn dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ó lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ó bá wọn gbé ẹrù, kí ó sì bá wọn túmọ̀ èdè. Ìwàásù wo ni ó tún ju èyí lọ?

Bí ìwà ìkà bá dé ńkọ́?

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó ṣe kedere, nítorí pé àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ ìwà tútù di àwọn tí wọ́n ń jẹ níyà lẹ́nu. Bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ láti san owó oṣù, bí ó bá gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pamọ́, tàbí bí ó bá na obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ilé, ìwà tútù kò sọ pé kí ẹ panu mọ́. Òfin Saudi Arabia fúnra rẹ̀ kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pamọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, àtúnṣe òfin ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn lábẹ́ àwọn ipò kan, láìdúró de àṣẹ ọ̀gá àkọ́kọ́. Ó bani nínú jẹ́ pé àtúnṣe yẹn kò kan àwọn tí ń ṣiṣẹ́ inú ilé.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́. Ẹ sọ fún àwọn aṣojú Nàìjíríà ní Jeddah. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tí wọ́n ń jẹ níyà, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ bá a sọ ọ́. Crowther kò panu mọ́ nígbà tí wọ́n ń fi ìyà jẹ àwọn àlùfáà rẹ̀. Ibi tí ìwà tútù ti ń hàn ni ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́: kò sí irọ́, kò sí àbùmọ́, kò sí èpè, kò sì sí ìfẹ́ láti rí ìṣubú ẹni tí ó ṣẹ̀ wá.

Ilé ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́

Ohun tí ó kù ni èyí tí ó sún mọ́ wa jù. Ó rọrùn láti hùwà pẹ̀lẹ́ sí ọ̀gá tí ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ta ni kò lè rẹ́rìn-ín sí ọlọ́pàá? Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti iṣẹ́ òru dé, tí oorun ń kùn wá, tí ọmọ sì da omi sórí àga, ìgbà yẹn ni a óò mọ̀ bóyá ọkàn wa tutù lóòótọ́. Àwọn àgbà ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Ẹ wo àwọn àbá wọ̀nyí.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín àfojúdi àti àṣà. Ọmọ tí ó dàgbà ní London tàbí ní Houston ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí ó máa wo ojú olùkọ́ bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá wo ojú yín tààrà, ó lè jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni ó rò pé òun ń fún yín. Ẹ kọ́ ọ ní àṣà wa pẹ̀lú sùúrù kí ẹ tó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má ṣe bá ọmọ wí nígbà tí inú ń bí yín. Ẹ ní kí ó lọ jókòó, kí ẹ mu omi, kí ẹ sì gbàdúrà ráńpẹ́. Ìbáwí tí ó bá ti inú ọkàn tútù wá kì í gùn, ọmọ kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ ọmọ, ẹ bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí òbí bá sọ pé "Dákun, mo ti pariwo jù," iyì òun yóò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò mọ bí a ti ń bẹ ẹlòmíràn.

Ẹ ṣọ́ bí tọkọtaya ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí ìpè bá ti ilé dé pé kí a fi owó ránṣẹ́. Àwọn ọmọ ń gbọ́. Bí ìyàwó bá gbọ́ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ó sì ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lálẹ́," tí ọkọ sì gbà, ẹ̀kọ́ ìwà tútù ti wọlé láìsí ìwé kankan.

Ẹ sì máa fi eré kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣe ẹni tí ń fi orúkọ Yorùbá ṣẹ̀fẹ̀, kí èkejì dáhùn láìbínú àti láìsunkún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta wò. Ẹnu tí ó ti gbìyànjú nílé kì í dí lóde.

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ayé tí a kó àwọn ọmọ wa wá yìí yóò dán wọn wò ju bí ó ti dán wa wò lọ. A kò lè bá wọn dé gbogbo ibi tí wọn yóò dé. Ṣùgbọ́n a lè fi ọkàn tí ó tutù sí wọn láyà, tí yóò lè dúró níwájú ọba láìgbọ̀n, tí yóò sì lè gba èébú láìdá èébú padà. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́ láti kọ́kọ́ ní in fúnra wa.